Olùdarí Tí Gbogbo Fóònù Ń Tọrọ Ọ̀nà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin tí ẹ ní etí. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi ọ̀gá rẹ́rìn-ín, kó tètè dìde báyìí, kó lọ tan rédíò ìjọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yin ọ̀gá láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìtàn tèmi dá lórí Mùsíyé Évariste, Olùdarí Àgbà Rẹ́sò Àwọn Òkè, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń so tẹlifóònù pọ̀, ní Dassa-Zoumè nílẹ̀ Benin, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń wọ bùrò, ìyẹn ọ́fíìsì, ṣáájú rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ti máa ń jókòó síbẹ̀ kí ikùn náà tó dé.

Ẹ mọ Dassa. Òkè ló yí i ká, àpáta dúdú lórí àpáta dúdú, bí ìkòkò tí ìyá àgbà dojú wọn dé sínú oòrùn. Àwọn òkè náà dára fún ojú, wọ́n dára fún àdúrà, ṣùgbọ́n wọn kò dára fún tẹlifóònù. Ohùn tó bá jáde ní Lèma, àpáta ni yóò kọ́kọ́ gbá a létí. Ìdí nìyí tí ìjọba fi gbé òpó irin gíga, èyí tí gbogbo wa ń pè ní àǹtẹ́nì, kalẹ̀ sí Dassa, sí Paouignan, sí Akofodjoulè àti sí Lèma, kí àgbẹ̀ àti oníṣòwò, olùkọ́ àti agbẹ̀bí lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò níbikíbi tí wọ́n bá ń lọ.

Hervé, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tó to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣàlàyé rẹ̀ fún aráàlú lọ́jọ́ tí wọ́n tan án.

"Àǹtẹ́nì kan ò lè dé ibi gbogbo," ó ní. "Bí fóònù bá ń rìn, àǹtẹ́nì tó ń fi sílẹ̀ á fà á lé èyí tó ń lọ bá lọ́wọ́. Ẹ wo bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe níbi ìsọmọlórúkọ. Ọmọ á sùn sẹ́yìn ẹnì kan, ẹlòmíràn á gbà á, á pọ̀n ọ́n, ọmọ ò ní jí. Bí ọmọ bá jí, a jẹ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n gbà."

Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ mi orí. Olùdarí nìkan ni kò gbọ́, nítorí ó ń retí ìgbà tí wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń wọ bùrò Mùsíyé Évariste. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò kan ilẹ̀kùn, yóò sì ka gbogbo oyè rẹ̀ láti ìta: Mùsíyé Olùdarí Àgbà, Bàbá Rẹ́sò, Òpó Tó Gbé Àwọn Òkè Ró. Bí ó bá fo ọ̀kan, yóò padà síbi àtẹ̀gùn lọ bẹ̀rẹ̀ láti oyè àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wáyà kan gbiná lẹ́yìn àga Olùdarí, akọ̀wé sáré wá, ó kan ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè. Kó tó dé orí ọ̀rọ̀ iná, aṣọ fèrèsé ti jó tán. Olùdarí yìn ín gidigidi fún ẹ̀kọ́ ilé tó ní.

Ẹ̀kọ́ ilé yìí gan-an ló kó bá wa.

Ní agbègbè tiwa, àlejò kì í ṣàdédé dìde kó bá tirẹ̀ lọ. Ó ní láti tọrọ ọ̀nà. Yóò ní, "Ẹ̀yin ará ilé, mo fẹ́ tọrọ ọ̀nà o." Onílé yóò ní, "Ọ̀nà wo? Ṣé o ti jókòó ni?" Wọn yóò fa ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, títí onílé yóò fi sọ pé, "Ó dáa, ìdajì ọ̀nà ni mo fún ẹ. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ mi, kí o lè padà wá gbà á." Àṣà tó dùn ni. Ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó rí pé ọ̀gá kan yóò gbé e lé fóònù lórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Hervé gbé ẹ̀rọ kan wá sí bùrò, èyí tó ń fi gbogbo fóònù inú komúùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, hàn lójú kan ṣoṣo. Olùdarí fi ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ọn.

"Kí ni àwọn nǹkan tó ń rìn bí eèrà yìí?"

"Fóònù àwọn aráàlú ni, ọ̀gá. Àwọn tó pupa wà lábẹ́ àǹtẹ́nì wa níbí. Èyí ń lọ sí Paouignan. Ẹ wò ó, ó ti di àwọ̀ ewé. Àǹtẹ́nì Paouignan ti gbà á nìyẹn."

"Ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, ọ̀gá."

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Àwọn àǹtẹ́nì méjèèjì ti bá ara wọn sọ ọ́."

"Mo ní, ṣé ó sọ fún *èmi*?"

Hervé tún wo ẹ̀rọ náà. Wọn kò kọ́ ọ ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ní yunifásítì.

Olùdarí dìde. Ẹ má fojú kéré èyí o, nítorí ọkùnrin náà kì í dìde. Àwọn ènìyàn ló máa ń wá bá a níbi tó bá wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í joyè, kò tíì rìn kọjá ibi tí àǹtẹ́nì Dassa dé, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ìdí tí yóò fi rìn.

"Ó mu rẹ́sò mi, ó jẹ rẹ́sò mi, ó nu ẹnu, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ! Ṣé ilé rere ni wọ́n ti tọ́ irú fóònù bẹ́ẹ̀?"

"Irú èèmọ̀ wo rèé!" Gàníyù ló sọ̀rọ̀ yẹn láti igun yàrá. Gàníyù ń ta fóònù àti wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sínú fóònù lọ́jà Dassa, òun nìkan ni Olùdarí sì gbà láyè láti máa ta káàdì Rẹ́sò Àwọn Òkè. Nítorí náà, àràárọ̀ ló ń wá yin ọ̀gá bí ẹni ń wá san gbèsè. "Fóònù ń tàpá sí Bàbá Rẹ́sò! Ẹ̀yin òkè tí òkè ń fẹ̀yìn tì! Ẹ̀yin tí ẹ bá sín ní Dassa, tí wọ́n á kí yín 'pẹ̀lẹ́' ní Parakou!"

Ojú Olùdarí tàn. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni òfin náà bọ́ sínú orí rẹ̀, ìyẹn orí tí àyè pọ̀ nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí fóònù tó gbọ́dọ̀ kúrò lábẹ́ àǹtẹ́nì kan bọ́ sábẹ́ òmíràn láìtọrọ ọ̀nà. Ẹ̀bẹ̀ náà yóò wá sórí fóònù Olùdarí fúnra rẹ̀, agogo yóò dún, òun náà yóò sì tẹ ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé *Mo fún ọ ní ìdajì ọ̀nà*. Àfi ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ ni àǹtẹ́nì kejì yóò tó lè gba fóònù náà. Nítorí pé ìdajì sì ni, ohunkóhun tí fóònù náà bá fẹ́ sọ ní àjò rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà wá kí àǹtẹ́nì Dassa kó tó lọ síbi tó ń lọ.

"Ọ̀gá," ni Hervé wí, "bí ará Lèma bá pe aládùúgbò rẹ̀ ní Lèma, ohùn rẹ̀ á rìn wá sí Dassa, á tún rìn padà."

"Kí ló burú níbẹ̀? Ṣé kò yẹ kó kí ilé ni?"

"Àti pé bí fóònù bá wà lójú ọ̀nà, tí ẹ ò tíì tẹ nǹkan yẹn, ọ̀rọ̀ á já."

"Bí ọ̀rọ̀ bá já, ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. Hervé, ọmọ mi, ṣé o ṣì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ?"

Hervé fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó tẹ òfin náà sínú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ sì wúwo bí ọwọ́ ẹni tó ń gún iyán àjẹkù.

Wọ́n kéde òfin náà níwájú ilé mẹ́rì, ibi tí olórí komúùnù ń jókòó sí. Olùdarí gun orí pèpéle, ó na ọwọ́ méjèèjì síta.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ẹ̀yin fóònù mi! Kí ló ya ọmọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ewúrẹ́? Ṣé aṣọ ni? Àgùntàn náà ní irun! Ṣé ìmọ̀ ni? Ọ̀bọ náà gbọ́n! Ìtọrọ-ọ̀nà ni! Ewúrẹ́ kì í tọrọ ọ̀nà. Ewúrẹ́ kàn ń lọ ṣáá ni!"

Ewúrẹ́ kan tó ń kọjá níwájú pèpéle dúró, ó wo Olùdarí, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Báyìí ni ayé wa ṣe yí padà. Ní ojú ọ̀nà Lèma, ibì kan wà tí ọ̀nà ti yí gba ẹ̀yìn àpáta ńlá kan. Ibẹ̀ ni ojú àǹtẹ́nì Dassa parí sí, ibẹ̀ sì ni ti Lèma ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ di gbàgede. Àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zémíjàn á dúró, èrò ẹ̀yìn wọn á gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń fi ọrẹ fún ọ̀run. Obìnrin kan gbé àtẹ ọsàn wá síbẹ̀, kò pẹ́ tó fi kọ́ búkà.

Olùdarí ní tirẹ̀ kò gbádùn ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀ rí. Agogo ń dún, ó ń tẹ̀. Bí ó bá ń jẹ iyán lọ́wọ́, yóò fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ọbẹ̀ ilá ni, ìgúnpá yóò yọ̀, gbogbo ará Akofodjoulè yóò sì dúró dìgbà tó bá fọwọ́. Bí ó bá sùn lọ́sàn-án, gbogbo komúùnù ti sùn pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Ọmọkùnrin kan wà tó ń bá ọmọbìnrin Paouignan kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti inú bọ́ọ̀sì. Ó ti bá a sọ ọ́ débi tó dùn, ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ ni pé, ṣé o máa..." Bọ́ọ̀sì kọjá ààlà. Olùdarí wà lórí ibùsùn, ó ń hanrun. Nígbà tó fi jí, ọmọbìnrin náà ti gba ti ẹlòmíràn tí kò ní fóònù rárá.

A rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa.

Dorothée ni agbẹ̀bí ilé ìwòsàn kékeré ti Lèma, obìnrin tí kì í pariwo, tí kì í sì í gbàgbé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá sí bùrò, ó kan ilẹ̀kùn, kò sì ka oyè kankan.

"Mùsíyé Évariste, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀dùn ọkàn ni mo bá wá."

Akọ̀wé dì mọ́ ògiri. Gàníyù gbójú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti jókòó.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé Amandine, ìyá ọmọ tuntun kan, láti Lèma nínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Dókítà tó wà ní Dassa ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ń sọ ibi tí n ó fọwọ́ tẹ̀ fún mi. Ó ní, 'Dorothée, nísinsìnyí, ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni...' A dé ẹ̀yìn àpáta. Fóònù dákẹ́. Títí di òní, mi ò tíì mọ ohun tí mi ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é tí ìyá yẹn fi yè é. Níbo lẹ wà nígbà náà?"

Olùdarí wo òkè àjà. Lóòótọ́, ó rántí. Aránṣọ ló ń wọn ọrùn rẹ̀, wọ́n sì ní kó má mi ara.

"Màdáàmù, ẹnu iṣẹ́ ìjọba ni mo wà."

"Ó dáa. Ẹ gbọ́ èyí. Josiane, ìyàwó Josué, lóyún ìbejì ní Lèma. Àwọn ọmọ náà ò dorí kodò. Ọjọ́ tí ó bá rọbí, dandan ni ká gbé e wá sí Dassa, dandan sì ni kí ohùn dókítà wà létí mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà dé òpin rẹ̀. Bí ó bá já lẹ́ẹ̀kan, ènìyàn mẹ́ta la máa sin. Ẹ yọ òfin yìí kúrò. Ohun tí mo bá wá nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ṣé ẹ rò pé ó tijú? Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ rí ló máa rò bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka lu tábìlì.

"Ìbejì, ẹ ní? Kò burú. Kí wọ́n tọrọ ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì."

Gàníyù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá itan ara rẹ̀. Dorothée dìde, ó sì lọ láìtọrọ ohunkóhun. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá Hervé tó ń tún wáyà ṣe.

"Àbúrò, ọwọ́ ta ló tẹ òfin yẹn sínú ẹ̀rọ?"

"Àǹtí, wọ́n pàṣẹ fún mi ni."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ẹnu tó pàṣẹ. Ọwọ́ ni mo béèrè."

Hervé wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tún ń wò ó nígbà tí obìnrin náà ti gun zémíjàn lọ.

Kò pẹ́ sí i ni ìròyìn ayọ̀ dé láti Cotonou. Mínísì, ìyẹn obìnrin tí ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìjọba, ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe olórí gbogbo rẹ́sò agbègbè Collines. Ó fẹ́ dán Olùdarí wa wò. Kí ó wọ ọkọ̀ ní Dassa, kí ó gbé fóònù síwájú, kí ó máa bá Mínísì sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí rẹ̀ títí yóò fi dé Lèma. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá já, ipò di tirẹ̀.

Olùdarí rán aránṣọ lọ ra aṣọ tó fẹ̀ sí i. Ó pàṣẹ kí gbogbo aráàlú tó bá ní zémíjàn tàbí mọ́tò tẹ̀ lé òun, kí Mínísì lè rí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn òun tó.

Hervé kan ilẹ̀kùn, ó ka gbogbo oyè, ó wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé òfin náà tì fún ọjọ́ yẹn. Bí fóònù yín bá dé ẹ̀yìn àpáta, òun náà á tọrọ ọ̀nà. Ta ló máa fún un?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wà nínú ọkọ̀?"

"Èmi náà ni."

"Orí fóònù kan náà ni ẹ̀bẹ̀ máa wá o, ọ̀gá. Ẹ̀bẹ̀ gbogbo èrò tó tẹ̀ lé yín náà á sì wá síbẹ̀. Bí ó bá já kí ẹ tó tẹ tiyín, ẹ̀bẹ̀ ò ní lè dé ọ̀dọ̀ yín mọ́, bẹ́ẹ̀ láìsí ẹ̀bẹ̀, ẹ ò lè fún ara yín lọ́nà. Ẹ yan igbákejì kan tó máa jókòó síbí, kó máa bá yín tẹ̀ ẹ́."

"Igbákejì!" Olùdarí di àyà mú. "Kí èmi Évariste tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ akọ̀wé? Gàníyù, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá, etí mi sì ń kan mí. Ta ló tó fún erin lọ́nà bí kò ṣe erin?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí erin bá há sáàárín àpáta, ẹ bi Gàníyù.

Ọjọ́ náà pé. Olùdarí dúró nínú ẹ̀yìn ọkọ̀ ìjọba tí kò ní òrùlé, Gàníyù di bàtà rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Zémíjàn kún ẹ̀yìn wọn, ọlọ́sàn àti oníṣu, akẹ́kọ̀ọ́ àti àlùfáà, kálukú pẹ̀lú fóònù nínú àpò. Ojú Mínísì yọ lórí fóònù ọ̀gá.

"Mùsíyé Olùdarí, ẹ kú ìrìn."

"Màdáàmù Mínísì! Láti orí àwọn òkè tó ti ń dúró dè mí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, mo kí yín! Rẹ́sò wa kì í já, bí ẹ̀jẹ̀ kò ṣe ń já nínú iṣan! Rẹ́sò wa..."

Wọ́n dé ẹ̀yìn àpáta. Agogo dún. Ó tẹ̀ ẹ́. Agogo dún, ó dún, ó ń dún bí ìgbà tí ilé ìjọsìn gbogbo bá pàdé nínú fóònù kan. Lójú fóònù, ẹ̀bẹ̀ bo imú Mínísì, ó bo ojú rẹ̀, ó bo gbogbo orí rẹ̀.

"Rẹ́sò wa... mo fún ọ... ni ògo... mo fún ọ... ti gbogbo... ta tún nìyí?... mo fún ọ, mo fún ọ!"

"Mùsíyé Évariste, kí lẹ fẹ́ fún mi?"

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kẹ́yìn. Fóònù rẹ̀ já. Ẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ wà lẹ́yìn gbogbo ti àwọn tó kó wá, kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ dúró. Gbogbo ọ̀nà kún. Olùdarí ń mi fóònù bí ẹni tó ń mi ìgò oògùn, ó ń pariwo mọ́ ọn pé, "Mo ti fún ọ! Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo ti fún ara mi!"

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà nígbà tí ọkọ̀ ilé ìwòsàn yọ láti ọ̀nà Lèma, tí iná orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Josiane wà nínú rẹ̀.

Dorothée bọ́ sílẹ̀, ó gbé fóònù tó ti dákẹ́ lọ́wọ́. "Ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò! Ẹsẹ̀ ọmọ ti yọ síta! Mi ò gbọ́ dókítà mọ́!"

Ní àkókò náà gan-an, Hervé jókòó nídìí ẹ̀rọ ní Dassa. Fóònù tirẹ̀ kò rìn, nítorí náà kò já. Mínísì ló ń fi fóònù rẹ̀ kejì pè, èkíní ṣì ń dúró de Olùdarí.

"Ta nìyí? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá yín?"

Irọ́ tó dára wà lẹ́nu Hervé. Ó lè sọ pé àrá ló sán, tàbí pé ìjì jà. Ó gbé irọ́ náà mì.

"Màdáàmù, òfin kan ló dá a dúró. Fóònù tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ Olùdarí. Òun ló ni òfin náà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ."

Mínísì ní, "Ọwọ́ kan náà ni kó yọ ọ́."

Ó yọ ọ́.

Ẹ fara balẹ̀ níbí o, nítorí ibí ni adùn wà. Bí rẹ́sò bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Agogo kò dún. Ilẹ̀ kò mì. Àǹtẹ́nì Lèma kàn gba gbogbo fóònù tó wà lẹ́yìn àpáta, ti Olùdarí náà sì wà lára wọn. Ojú Mínísì padà sórí fóònù ọwọ́ rẹ̀, jẹ́ẹ́. Olùdarí kò sì wo ibẹ̀, nítorí ó ti kọjú sí Dorothée, ó ń na fóònù náà sí obìnrin náà bí ẹni tó ń na ọ̀pá sí ẹran.

"Ta ló fún yín lọ́nà? Ta ló ní kí ẹ wá? Mo ń bá Mínísì sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ń gbé ikùn wá! Ẹ padà sẹ́yìn! Kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó dúró! Ẹ jẹ́ kí obìnrin Cotonou yẹn gbé Collines lé mi lọ́wọ́ ná, ó kàn nílò ẹni tó máa pọ́n ọn lé díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, èmi ni màá máa sọ ẹni tó máa bímọ àti ọjọ́ tó máa bí i!"

"Mùsíyé Évariste," ni ohùn obìnrin kan wí.

Ó wo òkè. Ó kọ́kọ́ rò pé láti ọ̀dọ̀ ère Màríà Mímọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń lọ kí nínú ihò àpáta ní Dassa ni ohùn náà ti wá, ó ti fẹ́ kúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Obìnrin Cotonou ni," ni Mínísì wí. "Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ìjọba yẹn. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ kì í ṣe olùdarí nǹkan kan mọ́."

Gàníyù ti bọ́ sílẹ̀ kí gbólóhùn náà tó parí. Olùdarí ní tirẹ̀ kò bọ́, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Kò sì sí àyè láti dúró dè é. Àwọn ọlọ́kadà rọ̀ mọ́ ọkọ̀ náà láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kígbe "hó-ó-pù!", wọ́n sì gbé e tòun ti Olùdarí sínú oko iṣu tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ kò lè sọ pé aráàlú kò gbé e ga rí.

Ọkọ̀ ilé ìwòsàn kọjá. Nínú rẹ̀, fóònù wà létí Dorothée.

"Dorothée, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Kí lẹ rí?"

"Ẹsẹ̀ méjèèjì, dókítà."

"Ẹ má fà á. Ẹ gbọ́ mi, ẹ má fà á rárá. Ẹ jẹ́ kí ìyá ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ fi aṣọ di ìbàdí ọmọ mú."

"Josiane, ọmọ ìyá mi, má pa ojú dé, wò mí! Ó ń bọ̀, dókítà. Apá ti yọ."

"Ó dáa. Mo wà níbí."

Ó wà níbẹ̀ títí wọ́n fi kọjá gbogbo àpáta, ohùn rẹ̀ kò sì já. Ọmọ àkọ́kọ́ ké lójú ọ̀nà, ó ké débi pé dókítà gbé fóònù jìnnà sí etí. Èkejì dúró títí wọ́n fi dé Dassa; ó jọ pé òun fẹ́ràn ibùsùn tó mọ́.

Claudia àti Sonia ni wọ́n sọ wọ́n. Lẹ́yìn ìrìbọmi wọn, gbogbo wa péjọ sí àgbàlá Josué ní Lèma, àwọn ìyá ń pín iyán, Hervé sì jókòó lórí àga tó dára jù, nítorí Cotonou ti ní kó di ipò olùdarí mú ná. Ó wọ kòtù tuntun. Ta ló dìde láàárín èrò bí kò ṣe Gàníyù?

"Ọ̀gá Hervé! Òkè tuntun tí òkè àtijọ́ ń foríbalẹ̀ fún! Ẹ̀yin tí ẹ fi ìka kan ṣí gbogbo ayé!"

Hervé gbé ọwọ́ sókè láti dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò yára. Kódà, ó jọ pé ó fẹ́ gbọ́ ìyókù.

Dorothée rí i. Ó gbé Claudia láti orí ẹní, ó tú aṣọ ìdí rẹ̀, ó sì fi í lé Hervé lórí itan.

"Gbé e dání, àbúrò. Bí ọwọ́ ẹ bá kún, etí ẹ á sinmi."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Claudia wo olùdarí tuntun láti orí dé àyà, ó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó sì tọ̀ sí kòtù rẹ̀.

"Omi ìbùkún ni!" Gàníyù kígbe. "Ara irú yín nìkan ló ń dà sí, ọ̀gá!"

"Gàníyù," ni Hervé wí, omi ń kán lára rẹ̀, "jókòó."

Gàníyù jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ Gàníyù.